Bí Ojú Irin Orí Tábìlì Ṣe Lè Jọ Ti Rélùwé Gidi

Lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn lónìí ti ọwọ́ bàbá kan wá, oníṣòwò aṣọ ni ní Òṣogbo. Ọmọ rẹ̀ tí ń gbé ní Manchester ni ó mú ọkọ̀ ojú irin kékeré kan wálé fún àwọn ọmọ ilé, irú èyí tí a ń fi iná mànàmáná wà lórí tábìlì, pẹ̀lú ojú irin rẹ̀ nínú páálí. Bàbá ní ọkọ̀ náà wu òun púpọ̀, nítorí kò sí ohun tí wọn kò fi sí i, títí dé fèrèsé àti àtẹ̀gùn. Ohun tí ó dùn ún ni ojú irin. Ó kọ̀wé báyìí pé:

“Iṣẹ́ ojú irin ni bàbá tí ó bí mi fi tọ́ wa. Láàárín Òṣogbo àti Ìkìrun ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi dígà ti òkúta sábẹ́ irin, òjò ìbáà rọ̀, oòrùn ìbáà ràn. Nígbà tí ọmọ ọmọ mi bi mí pé kí ni bàbá mi ṣe nínú rélùwé, mo na ìka sí ojú irin orí tábìlì, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo lè fi hàn án. Irin náà ń dán láti òkè dé ìsàlẹ̀, igi abẹ́ rẹ̀ dúdú bí bàtà tuntun, òkúta kan ṣoṣo kò sì sí níbẹ̀. Tíṣà, kí ni mo lè ṣe sí i?”

Bóyá ẹlòmíràn ti ń rẹ́rìn-ín pé ohun ìṣeré ọmọdé ni àgbàlagbà ń kọ̀wé lé lórí. Kí ó má tíì rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Jámánì àti ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbàlagbà ni ó kún ìdí iṣẹ́ yìí, wọ́n sì mú un ní òkúnkúndùn. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí à ń pè ní John Ahern bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èyí tí ó sọ ní Madder Valley. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé kò tó kí ọkọ̀ máa sáré yí tábìlì ká, pé ó yẹ kí ó ní òkè, odò àti abúlé tí ó ń gbà kọjá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní Pendon Museum ní abúlé Long Wittenham ní Oxfordshire, ilé tí Roye England, ọmọ Ọsirélíà, dá sílẹ̀ ní ọdún 1954. Ní Amẹ́ríkà, John Allen ti ìlú Monterey ní California ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí ó ti gbó, tí ó ti dọ̀tí, ni ó ń jọ òtítọ́. Ó kú ní oṣù kìíní ọdún 1973. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí iná fi jó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó kọ́. Àwọn fọ́tò rẹ̀ ni ó kù, àwọn ènìyàn ṣì ń fi wọ́n kọ́ṣẹ́ títí di òní.

Kí bàbá tó fọwọ́ kan ọ̀dà, rúlà ni kí ó kọ́kọ́ mú. Bí ó bá wọn àárín irin méjèèjì, mílímítà 16 àti ààbọ̀ ni yóò rí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa fi mílímítà 4 dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1, èyí já sí pé ohun gidi tóbi ju ti orí tábìlì lọ ní ìlọ́po 76. Kí ọmọ iléèwé bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀: 16.5 lọ́nà 76 jẹ́ 1,254. Bẹ́ẹ̀ ni mílímítà 1,435 ni àárín irin rélùwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gidi, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà 4 àti íǹṣì 8 àbọ̀. Ó ku nǹkan bí íǹṣì 7 kí ó tó pé! Ọkọ̀ ńlá lórí ojú irin tóóró ni wọ́n ń tà. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti fara mọ́ ọn láti ọjọ́ pípẹ́, àfi àwọn olóríkunkun díẹ̀ láàárín wọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ojú irin tí ó fẹ̀ tó mílímítà 18.83. Àwọn ará Amẹ́ríkà àti Jámánì, tí ń lo ìdá kan nínú 87, ni mílímítà 16 àti ààbọ̀ yìí bá mu rẹ́gí.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ohun ìyanu. Rélùwé àtijọ́ tiwa, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la láti Èkó ní ọdún 1896, tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1900, tí ó sì wọ Òṣogbo ní ọdún 1907, kò fẹ̀ tó ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6 ni àárín irin rẹ̀, ìyẹn mílímítà 1,067. Ti tuntun tí wọ́n ṣí láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní ọdún 2021 ni ó fẹ̀ tó 1,435. Bí a bá wá mú ojú irin inú páálí yìí kan náà, tí a sì pinnu pé ìdá kan nínú 64 ni a ó fi ṣe ìwọ̀n, 16.5 lọ́nà 64 yóò jẹ́ 1,056. Mílímítà 11 péré ni ó kù, kò ju ìbú ọmọ ìka lọ. Àwọn ará New Zealand, South Africa àti Queensland ní Ọsirélíà, tí irin tiwọn náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 3 àti íǹṣì 6, ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Nítorí náà, ojú irin tí wọ́n rà ní Manchester bá Òṣogbo mu ju bí ó ti bá Manchester mu lọ. Ọkọ̀ inú páálí yóò kéré díẹ̀ lórí rẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bàbá kò bi mí nípa ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí irin. Bí ẹ bá lọ dúró níbi tí títì ti dá ojú irin kọjá, tí ẹ wo ọ̀tún tí ẹ wo òsì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé orí irin nìkan, níbi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń gbà, ni ó ń dán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ti dógùn-ún. Níbi tí ọkọ̀ kò gbà mọ́, orí rẹ̀ pàápàá a di pípọ́n. Irin orí tábìlì kì í ṣe irin gidi, bàbà ni wọ́n pò mọ́ nickel àti zinc, wọ́n wá ń pè é ní nickel silver, bẹ́ẹ̀ ni fàdákà kò sí nínú rẹ̀ rárá. Kì í dógùn-ún bí irin, nítorí náà ó ń dán níbi tí kò yẹ kí ó dán. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí ọ̀rá ọwọ́ kúrò, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kun ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti inú àti ti òde, pẹ̀lú ọ̀dà tí kì í dán. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa tí a fi dúdú díẹ̀ lù ni ó sún mọ́ ọn jù. Ìpáàrà tuntun a máa pọ́n bí epo, ti àtijọ́ a máa ṣú bí obì gbígbẹ, nítorí náà ẹ má ṣe fi àwọ̀ kan náà kun ún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ọ̀dà tó gbẹ, ẹ wé àkísà mọ́ igi pẹlẹbẹ kan, kí ẹ fi nu orí irin mọ́ tónítóní.

Ọ̀dà ṣíṣú yìí tún ń ṣe oore mìíràn. Irin inú páálí ga jù. Mílímítà 2 àti ààbọ̀ ni gíga rẹ̀, bí a bá sì fi ìwọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n, irin tí ó ga ju mílímítà 215 lọ ni yóò jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fi ọkọ̀ wúwo kó ẹrù ní Amẹ́ríkà pàápàá kò lo irin tí ó ga tó bẹ́ẹ̀. Ní ìwọ̀n tiwa ti ìdá kan nínú 64, ó sàn díẹ̀. Ohun tí ó ń dán ni ojú ń rí, èyí tí ó ṣú a máa fara pamọ́.

Ìró rélùwé tí gbogbo wa mọ̀, tí ó máa ń mú ọmọdé sùn lọ, ibi tí irin kan ti pàdé èkejì ni ó ti ń wá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹsẹ̀ bàtà 60 ni gígùn irin kan jẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó wọn pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, 39 ni, kí ó lè wọ inú ọkọ̀ ẹlẹ́rù tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 40. Èyí tí ó wà ní Òṣogbo, kí bàbá fi okùn wọ̀n ọ́n fúnra rẹ̀, kí ó pín in sí ọ̀nà 64, kí ó sì fi ayùn tínrín fa ilà kékeré sí orí irin níbi tí ó bá bọ́ sí. Ilà lásán ni o! Bí ayùn bá gé e já, iná kò ní kọjá mọ́.

Àwọn ìdábùú tí irin sùn lé, tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwé ń pè ní sílípà, kò ní gbà wá lọ́jọ́. Ike dúdú ni ti inú páálí, wọ́n ṣe é kí ó jọ pákó. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ jẹ́ pákó lóòótọ́, tí wọ́n rì sínú ọ̀dà olóòórùn kí ó má baà jẹrà. Bí oòrùn bá ti pa á fún ọdún mélòó kan, a máa di àwọ̀ eérú. Lórí irin àtijọ́ tiwa, irin ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdábùú náà, nítorí ikán kò ní jẹ́ kí pákó pẹ́ nílẹ̀. Ó dà bí ọpọ́n tóóró tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, etí rẹ̀ méjèèjì sì tẹ̀ wọ inú òkúta. Nítorí náà kí bàbá kun ike náà ní àwọ̀ ìpáàrà gẹ́gẹ́ bí ó ti kun irin. Bí ó bá gbẹ, kí ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà àwọ̀ eruku, kí ó nù ún sí bébà títí yóò fi dà bí ẹni pé kò sí ọ̀dà lára rẹ̀ mọ́, kí ó wá rọra fi gba orí àwọn ìdábùú náà kọjá. Orí tí ó yọ nìkan ni yóò mú eruku, kòtò yóò wà ní ṣíṣú. Ẹni tí ó bá ń ṣe irin tuntun ti Èkó sí Ìbàdàn ní tirẹ̀, àwọ̀ kọnkéré ni kí ó lò, nítorí kọnkéré ni ìdábùú ibẹ̀.

Òkúta ni mo fẹ́ kí a pẹ́ lé lórí, nítorí ibẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè ọmọ náà wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wọ́n kàn da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rélùwé fún ẹwà ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni ó ń gba ìwúwo ọkọ̀ lọ́wọ́ ìdábùú, tí ó ń pín in fún ilẹ̀. Òun ni ó ń jẹ́ kí omi òjò sá lọ. Òun náà ni ó sì ń di ìdábùú mú kí irin má baà yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, nítorí etí rẹ̀ mú, ó sì ń há mọ́ ara rẹ̀. Òkúta odò tí ó ń yọ̀ kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ti ń kọjá, ìdábùú a máa rì díẹ̀díẹ̀, bí òjò bá sì pọ̀, ẹrẹ̀ a máa tú jáde láti ìsàlẹ̀. Ìgbà náà ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò fi ọ̀pá wọ́ irin sókè, tí wọn yóò ti òkúta sábẹ́ ìdábùú, tí wọn yóò sì máa gbá a wọlé títí irin yóò fi tẹ́. Olórí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, yóò di ojú kan, yóò sì wo irin lọ títí bí ọdẹ tí ń wo ẹran. Bí ó bá wọ́, wọn yóò tún un ṣe. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, àfi ní ọjọ́ tí wọn kò bá ṣe é.

Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ni kí bàbá ti lọ bu èérún òkúta, owó kékeré ni. Kí ó fi asẹ́ èlùbọ́ jọ̀ ọ́, kí ó kó èyí tí ó kọjá, kí ó sì tún fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gbọn ìyẹ̀fun kúrò nínú rẹ̀. Òkúta gidi tóbi tó nǹkan bí mílímítà 50. Bí a bá pín in sí 64, kò ní tó mílímítà 1, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ ju ẹyọ gàrí kíkúnná lọ. Àwọn tí ó ra òkúta tí ó tóbi jù ni wọ́n pọ̀ jù, tí ojú irin wọn fi ń jọ ibi tí ilé wó sí. N kò sì sọ pé kí a lo gàrí o. Ọmọ kíláàsì mi kan dán an wò nígbà tí a ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́: gàrí mu omi gọ́ọ̀mù, ó wú, ó gbé irin sókè, kí ilẹ̀ sì tó mọ́ èèrà ti dé ibùdó rélùwé.

Kí a tó da òkúta náà, kí a fi irin òòfà kọjá lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, irú èyí tí ó máa ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tí ó ti bàjẹ́. Èérún irin a máa wà nínú òkúta, òòfà tí ó wà nínú ẹ̀rọ ọkọ̀ yóò sì fà á mọ́ra, yóò sì ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí a fi ṣíbí da òkúta sí àárín irin àti sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a wọ àárín àwọn ìdábùú. Kí ó má ga ju orí ìdábùú lọ. Ní ẹ̀gbẹ́, kí ó fẹ̀ kọjá etí ìdábùú díẹ̀ kí ó tó dà gẹ̀rẹ́ wálẹ̀, kí etí gẹ̀rẹ́ náà sì tọ́ bí ilà ìwé, nítorí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ a máa fi etí òkúta wọn yangàn. Kí a fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì kan irin pẹ́pẹ́, òkúta tí ó bá jókòó sórí ìdábùú yóò jábọ́.

Ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sínú omi, kí ẹ fín in sí orí òkúta náà títí yóò fi rin. Láìsí ọṣẹ, omi yóò ṣù bí ìrì lórí ewé kókò, yóò sì máa yí òkúta kiri. Ẹ wá da gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà àti omi pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré tí a fi ń kán oògùn sójú, kí ẹ máa kán an díẹ̀díẹ̀ sáàárín irin àti sí ẹ̀gbẹ́. Gbogbo rẹ̀ yóò funfun bí ògì, ọkàn yín yóò sì pami. Ẹ fi sílẹ̀. Bí ó bá ti ń gbẹ ni funfun náà yóò máa pòórá. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì. Níbi tí irin kan ti yà kúrò lára èkejì, tí irin tínrín méjì ń lọ ṣíwá sẹ́yìn láti darí ọkọ̀, kí òkúta ibẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba, kí gọ́ọ̀mù má sì kán dé ibẹ̀ rárá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò lẹ̀ pa.

Ìmọ̀ràn mi sí bàbá ni pé kí ó fi ibì kan sílẹ̀ láìparí. Kí ó yọ òkúta kúrò láàárín ìdábùú mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ilẹ̀ pupa hàn. Kí ó kó òkúta mímọ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òkìtì kékeré, kí ó sì gbẹ́ àwọn ọkùnrin mẹ́fà láti ara igi, dígà lọ́wọ́ wọn, tí ẹni keje bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí ó ń wo irin.

Ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ló kù, kò sì gba agbára. Béréèkì ọkọ̀ àtijọ́ jẹ́ irin, bí ó bá ti ń ha ẹsẹ̀ ọkọ̀, a máa dà lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀, ìyẹn ni òkúta ìtòsí ibùdó fi máa ń pọ́n ju ti inú igbó lọ. Ibi tí ẹ̀rọ ọkọ̀ ti máa ń dúró yóò ní epo dúdú ní àárín irin. Kí a pò ọ̀dà dúdú mọ́ omi púpọ̀, kí a kán an síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ẹ̀gbẹ́ irin tí ọkọ̀ kì í sábà gbà, koríko yóò hù. Kí a gé okùn tí a rẹ láró ewé sí wẹ́wẹ́, kí a fi gọ́ọ̀mù gbìn ín. Eruku ọyẹ́ ti Òṣogbo kò ṣòroó rí, ilẹ̀ pupa gbígbẹ tí a jọ̀, tí a fọ́n díẹ̀ sórí gbogbo rẹ̀, ti tó. Ẹni tí ó bá ti rí i pé ó dára kí ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Mo ti rí fọ́tò àwọn kan tí wọ́n dọ̀tí rẹ̀ títí ó fi jọ ààtàn.

Nígbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀, orí irin gbọ́dọ̀ mọ́, nítorí inú rẹ̀ ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ọkọ̀, ẹyọ gọ́ọ̀mù kan ṣoṣo sì tó láti dá a dúró. Kí bàbá má fi sáńpépà ha á, nítorí ibi tí ó bá ha ni ìdọ̀tí tuntun yóò máa wọ̀ sí. Sípírítì díẹ̀ lára aṣọ mímọ́ ni kí ó fi nù ún, kí ó sì máa ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́. Kí ó kọ́kọ́ yọ wáyà kúrò lára iná kí ó tó gbé sípírítì jáde. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, tíṣà obìnrin kan láti Ọ̀fà ni a ó dá lóhùn, ẹni tí ó fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú ìwé kí ikán má baà jẹ ẹ́.